Odò Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yín lọ wẹ̀ lódò, ẹ béèrè odò wo. Ẹ béèrè bó ṣe jìn tó. Ẹ má kàn dáhùn “àmín”. Odò ò mọ ọmọ ẹni tó ń gbàdúrà.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Télọ̀ ni mí, ní Ìdímù, sùtánà funfun ni mo sì máa ń rán jù, torí Aládùúrà ni wá. Ohun tí mo bá kọ tó bá wọ́, ẹ bá mi nà án. Àwọn orúkọ tí mo lò, mo ti yí wọn padà. Ìlú ibẹ̀ náà, mo yí i. Mi ò fẹ́ ìjà ẹnikẹ́ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ká máa pè é ní Tìmílẹ́yìn. Ó wà ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kì í ṣe Amẹ́ríkà inú fíìmù. Ìlú kékeré kan létí odò Òháyò ni, Kọ́tílà Férì. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan tí wọ́n kó wọn sí. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn, Mísíìsì Hope, tó ti ṣe tíṣà rí. Kò lè rìn mọ́, ẹnu rẹ̀ ni kò sinmi. Bí Tìmílẹ́yìn bá ti ń fọ ẹsẹ̀ fún un, ìtàn ìlú ni yóò máa sọ. Ọmọ mi á wá sọ ọ́ sórí wásáàpù fún mi. Èmi á máa tẹ máṣíìnì, màá máa gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ìlú tí mi ò dé rí, tí mi ò sì lè dé.

Òkè ló wà lẹ́yìn ìlú náà, odò ló wà níwájú, ìlú wá há sáàárín bí aṣọ tí ilẹ̀kùn pa mọ́. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́tílà ló tẹ̀ ẹ́ dó, pé ó ní ọkọ̀ tó fi ń gbé èèyàn sọdá. Mísíìsì Hope ní irọ́ ni. Ó ní àwọn onílẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, wọ́n kàn lé wọn lọ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó wá bi àwọn Àwórì níbí.

Òpópónà kejì ni wọ́n ti ń ka òpópónà wọn. Ìkíní ò sí mọ́, odò ti gbé e lọ. Ilé iṣẹ́ bọ́tìnì wà níbẹ̀ nígbà kan, wọ́n máa ń lu bọ́tìnì jáde lára ìkarahun ìṣáwùrú tí wọ́n bá kó nínú odò. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, torí iṣẹ́ mi. Ìgbà tó yá, ìṣáwùrú tán, ilé iṣẹ́ tì. Nígbà tí Mísíìsì Hope wà lọ́mọ ọwọ́, omíyalé kan ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ti gba ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ni ìjọba mọ ògiri gàgàrà sí etí odò, wọ́n fi géètì irin sí i. Bí omi bá ń bọ̀, wọ́n á ti géètì. Ìlú tó jókòó sétí odò, kò wá rí odò mọ́. Nísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún mọ ìsédò síbẹ̀, odi tó dábùú omi. Ó ní omi tó bá já sílẹ̀ láti orí rẹ̀ máa ń yí padà sára, igi tó bá kó sí i á máa yí lójú kan náà ṣá.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù odò yẹn láti ìgbà náà. Mo kàn ń gbé e mì.

Ìtàn tó kàn ni kò jẹ́ kí n sùn. Òdìkejì odò náà, ilẹ̀ ẹrú ni nígbà kan. Etí ibi tí ọmọ mi wà yìí, wọn kì í mú ẹrú níbẹ̀. Odò yẹn nìkan ló wà láàárín ẹrú àti òmìnira. Nígbà òtútù, tí omi bá dì, àwọn èèyàn wa tó wà lóko ẹrú á sá gba orí yìnyín. Àwọn kan dé. Ti àwọn kan, yìnyín là lábẹ́ wọn. Àwọn tí kò bá rí yìnyín á dúró lókè lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fi ohùn kékeré pe ọlọ́kọ̀. Bàbá àgbà ìyá Mísíìsì Hope ní ọkọ̀, ó máa ń gbọ́ wọn. Nígbà mìíràn ó lọ gbé wọn. Nígbà mìíràn kò lọ.

Kò pẹ́ sí i ni Tìmílẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ àlá. Ó ní àwọn èèyàn dúró lódìkejì odò, wọ́n ń pe òun. Mo ní, “Wọ́n ń pe Tìmílẹ́yìn?” Ó ní, “Rárá, Bàbá. Àkànní ni wọ́n ń pè.”

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Wòlíì Àjíṣafẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgandò. Wòlíì di ojú, ó ní omi ló ń bèèrè ọmọ náà, pé bí kò bá wẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á mú un lójú oorun. Ó ní kí ó wọ sùtánà, kí ó mú kànìnkànìn titun àti ọṣẹ, kí ó wọ odò tó ń ṣàn títí omi á fi dé ọrùn, kí ó ri ara rẹ̀ bọmi lẹ́ẹ̀méje, kí ó jẹ́ kí odò gbé kànìnkànìn lọ. Láti ìgbà tó bá ti jí títí tó fi máa dé ilé, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo fi ohùn Wòlíì ránṣẹ́. Tìmílẹ́yìn ní òun á lọ ní Ọjọ́bọ̀, kí òun tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ilẹ̀ wọn kì í tètè mọ́ bíi tiwa. Ó di ọ̀sán lọ́dọ̀ wa kí àárọ̀ tó mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, ara mi ò balẹ̀. Mo rán apá sùtánà mọ́ ibi ọrùn. Mo tú u, mo tún rán an síbẹ̀. Mo bá dìde lọ bá Goodluck tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo ní, “Bá mi fi máàpù wo Kọ́tílà Férì.”

“Ha, Bàbá Tìmí! Ẹ̀yin náà fẹ́ jápa? Ta ló máa rán ṣòkòtò wa?”

“Wò ó, jàre.”

Ó fi ìka fẹ ojú fóònù títí. Ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá, this one no be river o. Ẹ wo ọkọ̀ tó wà lórí ẹ̀. Èédú ni wọ́n kó sínú ẹ̀. Ó gùn ju àdúgbò yìí lọ.” Ó tún tẹ nǹkan mìíràn. “Wọ́n ní òjò ti rọ̀ jù lápá òkè lọ́hùn-ún. Omi ń gòkè. Wọ́n ní kí èèyàn má sún mọ́ ọn. Ta lẹ ní níbẹ̀?”

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Odò wa, èyí tó wà lápá Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí a ti ń wẹ̀ fún èèyàn, orúnkún ni omi rẹ̀ dé. Bí Wòlíì bá ní kí omi dé ọrùn, jíjókòó là ń jókòó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Wòlíì kò sọ ọ́ sínú ohùn tó fi ránṣẹ́. Èmi náà kò sọ ọ́. Ọmọ mi sì jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn.

Mo pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Mo tún pè. Bó bá kú, kò ní gbé e. Bó bá ń gbọ́ràn, kò ní gbé e. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀?

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgandò. Àwọn ìyá àdúrà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gba àdúrà ọ̀sán. Ìyá Tìmílẹ́yìn wà láàárín wọn. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ síwájú Wòlíì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn míì ránṣẹ́. Ẹ ní kó má wọ omi.”

“Ìdí?”

“Odò yẹn… odò yẹn kì í ṣe bíi tiwa, Bàbá. Tiwa, jíjókòó là ń jókòó.”

Wòlíì wò mí. “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ríran ni, àbí èmi?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Bí mo bá ní kó má wẹ̀, tí àwọn tó ń pè é bá mú un lọ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa lọ gbà á? Pẹ̀lú àlùmọ́gàjí?”

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín, ó bínú ni. “Ẹ dìde ńlẹ̀, Bàbá Tìmílẹ́yìn. Ìgbàgbọ́ yín ló kéré. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹ ti palẹ̀ aṣọ mọ́. Ẹ̀rù kí ni kì í bà yín?”

“Ẹ̀rù omi.”

“Ẹ gbọ́ ọ o! Aládùúrà tó ń bẹ̀rù omi!”

Àmọ́ mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àbẹ́là tó dì mú ti ń kán sí i lọ́wọ́, kò mọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú, fóònù mi dún. Tìmílẹ́yìn ni. Mo sáré jáde síta, mo dúró nínú yanrìn láìwọ bàtà.

“Bàbá mi.”

“Àkànní! Ṣé o ti kúrò létí omi?”

“Mo ti délé. Ẹ mí kanlẹ̀, Bàbá, mò ń gbọ́ èémí yín.”

Ó ní òun wọ sùtánà sábẹ́ kóòtù. Ó ní wọ́n ti ti géètì irin nítorí omi, àmọ́ àkàsọ̀ wà lára ògiri, òun gùn ún. Ó ní omi náà pọ́n bí ẹ̀kọ bàbà, igi ńláńlá ń lọ lórí rẹ̀, òrùlé àbà kan ń lọ lódindi. Òun sọ̀ kalẹ̀ títí omi fi kan òun lẹ́sẹ̀.

“Olúwa o. Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Mo gbọ́ wọn.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn tó ń pè mí. Mi ò sùn o, Bàbá. Ojúmọ́ ti mọ́.”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí.

Ó ní, “Mo dúró, mo fetí sí i dáadáa, ohun tí mi ò ṣe lójú àlá nìyẹn. Wọn ò ní kí n wá. Ọkọ̀ ni wọ́n ń tọrọ. Wọ́n ní kí n gbé àwọn sọdá. Àwọn èèyàn wa ni, Bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn mọ́, bóyá ìdí tí wọ́n fi ń lo tèmi nìyẹn. Èmi ò lè fi kànìnkànìn wẹ irú wọn dànù.”

“O ò wẹ̀?”

“Mi ò wẹ̀. Mo kí wọn. Mo ní ẹ kú ìdúró. Mo ní mo gbọ́.”

“O sọ̀rọ̀ sí wọn!”

“Wọ́n ń pe èèyàn, kéèyàn má dáhùn? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi?”

Inú mi dùn pé ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀rù sì bà mí ju ti àárọ̀ lọ, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó bá dá wọn lóhùn lè rí ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má sọ fún Wòlíì. Ẹ má sọ fún Màmá náà. Wọ́n á ní kí n padà síbẹ̀. Omi ṣì ń gòkè. Bí wọ́n bá sì ní kí n padà, mo lè padà. Ẹ mọ̀ mí.”

Mo mọ̀ ọ́n.

Mo padà wọlé. Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyàwó mi ti sọ àbẹ́là sílẹ̀.

Wòlíì ní, “Òun ni?”

“Òun ni. Ó ti délé.”

“Halelúyà!” Àwọn ìyá ń jó. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

“Ó wẹ̀?”

“Ara rẹ̀ le, Bàbá.”

“Mi ò bèèrè ara. Ṣé omi dé ọrùn? Ṣé ó jẹ́ kí kànìnkànìn lọ?”

Mi ò tíì parọ́ fún Wòlíì rí. Mi ò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí. Mo wo ìyàwó mi tó wà nílẹ̀.

Ìyàwó mi nu ojú. “Ẹ dá Bàbá lóhùn, jọ̀ọ́. Kí ló ní?”

“Ó ní kí n kí ọ.”

“Kí ló tún ní?”

Wòlíì sún mọ́ mi. Òórùn tùràrí ń bọ̀ lára rẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. “Bàbá Tìmílẹ́yìn. Iwájú pẹpẹ lẹ wà. Mo ní, ṣé ọmọ wẹ̀?”

Mo ní, “Ọmọ wà láàyè, Bàbá. Ibẹ̀ ni mo mọ.”

“Bàbá Tìmílẹ́yìn!”

Mo pa ẹnu dé, torí bí mo bá ní kò wẹ̀, wọ́n á ní kó padà sódò, á sì padà. Wọ́n tún bi mí, ìyàwó mi fà mí láṣọ, mi ò dáhùn.