Òfin Pruitt Lórí Omi Mímu

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì pàdé Thaddeus Pruitt, ọ̀gá ọkọ̀ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún 1873. Orí odò ló ń kó wa lọ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n omi ò gbọdọ̀ kan ọ̀fun ẹnikẹ́ni nínú àwa tó ń wa ọkọ̀. Ó kà á nínú ìwé kan pé omi máa ń sọ ara ọkùnrin di jọ̀bọ̀lọ̀. Ife tíì kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ó parí. Ẹran màlúù tí iná kàn kí lásán àti búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa lédè Gíríìkì á wá máa béèrè ìdí tá a fi ń sùn ní kíláàsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló ń wa ọkọ̀ náà, Pruitt fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Èmi, Asa Whitcomb, ni ẹnì keje, ìyẹn adípò tó ń jẹ irú ìyà kan náà láìní àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́. Ọdún kẹta mi rèé, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń fi orúkọ ẹlòmíì pè mí. Àwọn mẹ́fà yẹn á wé aṣọ pupa mọ́rí, wọ́n á gba àárín ìgboro kọjá, àwọn ọmọge á sì máa yọjú lójú fèrèsé. Mo fẹ́ ìjókòó nínú ọkọ̀ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ ìjọba ọ̀run lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ pásítọ̀ ni mí.

Ṣé mo pa òfin omi mọ́? Láràárọ̀, kí agogo àdúrà tó dún, mo máa ń bọ́jú. Kò sẹ́ni tó ń bọ́jú tó mi ní gbogbo ọgbà. Bí mo bá bọ́jú tán, omi ò ní sí nínú abọ́ mọ́, ojú mi ò sì ní tutù. Lemuel Hatch nìkan ló mọ̀, torí yàrá kan náà là ń gbé. Ẹ̀rín ló máa ń fi mí rín.

Hatch ló lágbára jù nínú ọkọ̀, àmọ́ kò mọ irọ́ pa rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdíje ọkọ̀ wíwà tá à ń múra sílẹ̀ fún tó dé, ó jáde ní kíláàsì, ó ki orí bọ abẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà láàárín ọgbà lọ́sàn-án gangan, ó ń mu ún gbùgbù. Pruitt ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Hatch! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Omi ni mò ń mu, ọ̀gá. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Àwa yòókù ńkọ́? Àbí àwa ò lọ́fun ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ọ̀fun tiyín ṣe o."

Ó tán. Nídìí oúnjẹ ni Pruitt ti yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀, ó sì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló tún mu omi nínú yín?"

Hatch wò mí, kò tú àṣírí mi. Èmi tẹjú mọ́ búrẹ́dì mi. Ká tó jẹun tán, àjẹ̀ Hatch ti di tèmi. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó wé aṣọ pupa rí nínú wọn.

Lọ́jọ́ ìdíje, oòrùn oṣù Keje mú bí iná. Àwa la kọ́kọ́ dé ibi òpó tá a ti máa yí padà, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Bá a ṣe yí padà tán, àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Pruitt, òùngbẹ àti oòrùn sì gbé òun náà ṣubú sẹ́yìn lé mi lórúnkún. Àwọn tá a jọ ń díje ṣí fìlà fún wa bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ara àwọn tó kù nínú ọkọ̀ le koko. Ó wá hàn pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo fẹ́ràn ojú bíbọ́.

A tẹ́ ọ̀gá sórí koríko. Hatch ló sáré gbé ife omi dé.

"Gbé e kúrò níwájú mi," ni Pruitt wí, ètè rẹ̀ ti bó. "Ọ̀dàlẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún. Ẹ máa kú o!"

Pruitt di ọwọ́ mi mú. "Asa, ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán pé o bá mi pa òfin yìí mọ́. Ìwọ ni màá fà kalẹ̀ fún ipò ọ̀gá lọ́dún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n mu ún?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó ti dé orí ahọ́n mi.

"Ọ̀gá, ẹ fara dà á díẹ̀ sí i."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pa ẹnu dé. Ṣíbí ni dókítà fi la eyín rẹ̀ nígbà tó dé, kí omi tó ráyè wọlé, ọ̀gá sì yè. Ká tó rí dókítà, Hatch ti na ife náà sí mi. Kò bú mi.

"Gbà, ìwọ mu ún. Ìwọ náà wa ọkọ̀ lóòrùn."

Gbogbo wọn ń wò mí, títí kan ẹni tó wà nílẹ̀. Òùngbẹ náà ti wọ̀ mí dé eegun.

"Rárá," ni mo wí. "Àwa kì í mu omi."

Hatch gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá lójú mi. Ọjọ́ kejì ló kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá wa. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ọkọ̀, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ fi orúkọ mi gan-an pè mí, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Hatch nìkan ni mo ń wò. Kò wò mí.