Ọ̀rọ̀ Tó Fi Sílẹ̀ fún Notar

Ọkọ̀ ojú irin ti fi ìlú Uelzen sílẹ̀, Ayọ̀níkẹ́ kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó la ẹnu, ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Ó tún la ẹnu, ó ní òtútù inú ọkọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Nígbà tó tún fi máa là á, àròyé ojú irin ló bọ́ síta: pé wọn ì bá ti dé Berlin tipẹ́ bí kì í bá ṣe àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe, tó mú kí ọkọ̀ máa gba ẹ̀yìnkùlé yípo. Akínwọlé jókòó kọjú sí i, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Ó ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Mummy, ẹ sùn díẹ̀ now. Tá a bá ti ń sún mọ́ Berlin, màá jí yín."

"Oorun ò kùn mí."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kò ju pé ilé ìfọṣọ tí òun ti ń pè ní ti Akínwọlé láti ìgbà tó wà nílé ìwé, òun ń lọ fọwọ́ síwèé lónìí pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ọmọdé lè sọ ọ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù ló ti há Ayọ̀níkẹ́ lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja.

Lurup ni ilé ìfọṣọ náà wà, ní ìwọ̀-oòrùn Hamburg. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àdúgbò St. Georg ló ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti tówẹ́ẹ̀lì wá fún wọn. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tó fẹ́ràn àwàdà máa ń pè é ní Ìyá Alágbàfọ̀. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni wá bá òun tú ẹrù hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kó wá wo ohun tí ojú aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń rí. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ibòmíràn ń wá. Ọ̀kan ti ẹ̀wọ̀n dé, òmíràn kò mọ̀wé kà ní èdè kankan, ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kẹta, Dúnní, kì í pa dé dáadáa. Ká má parọ́ mọ́ Ayọ̀níkẹ́, kì í ṣe àánú ló jẹ́ kó gbà wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Àwọn nìkan ló fẹ́ wá. Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ kó tó gbọ́ pé ìjọba ní orúkọ fún un, pé Sozialunternehmen ni wọ́n ń pe irú ilé iṣẹ́ tó ń pawó láti fi gbé èèyàn ró, àti pé owó wà níbìkan fún irú wọn.

Àkókò tí owó náà yọjú gan-an ni wọ́n nílò rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ti gbó. Ẹni tó ń tún wọn ṣe kì í sọ̀rọ̀ mọ́, orí ló kàn ń mì. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ti sọ ọ́ gbangba pé bí aṣọ bá tún fi lè pẹ́, àwọn máa kó iṣẹ́ àwọn lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Báńkì tó lọ bá kí i dáadáa, wọ́n fún un ní kọfí, wọ́n ní rárá. Ibi tí nǹkan dé nìyẹn kí Frau Kessler tó wá, obìnrin kan láti àpò ìdókòwò kan ní Berlin. Ó ṣàlàyé pé owó ìjọba Yúróòpù ló dúró lẹ́yìn àpò náà bí onídùúró, kí ẹ̀rù má baà ba ẹni tó bá fẹ́ yá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó. Owó náà kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó lásán. Bí ilé ìfọṣọ bá jèrè, àpò á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá jèrè, àpò á ní sùúrù. Ayọ̀níkẹ́ kọ́kọ́ rò pé oníjìbìtì ni. Láyé yìí, ta ló ń yáni lówó tó tún ń ní sùúrù?

Májẹ̀mú rẹ̀ ló wá tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé ìfọṣọ náà láéláé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó èrè rẹ̀ sápò. Bí Ayọ̀níkẹ́ bá sì fẹ̀yìn tì, tàbí tó kú, ọmọ rẹ̀ kò ní jogún rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò dìbò yan ẹni tí yóò máa mójú tó o. Frau Kessler ní owó gbogbo ìlú kò yẹ kó parí sápò ìdílé kan. Ó bọ́gbọ́n mu lójú Ayọ̀níkẹ́. Síbẹ̀, tó bá ti dúró ti àwọn tó ń lọ aṣọ, òwe kan ṣoṣo ló máa ń wá sí i lọ́kàn: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ kan ló bí. Baba ọmọ náà ti kú. Kí ló tún kù tí yóò fi lé e lọ́wọ́?

Ibi tó fẹ́ gbà yọ nìyí. Ní Jámánì, Notar, ìyẹn agbẹjọ́rò tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lé lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ ka gbogbo ìwé àdéhùn sókè létí àwọn tọ́rọ̀ kàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ayọ̀níkẹ́ rántí rẹ̀ láti ìgbà tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ lórí àga. Bí òun bá mú Akínwọlé dání, Notar ni yóò sọ ọ́ fún un. Kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí bàbá Ayọ̀níkẹ́ fúnra rẹ̀ kú ní Ṣàgámù, tí òun ṣì kéré, ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, ó mọ̀, kò sọ ọ́. Bàbá Adébọ̀wálé, ọ̀rẹ́ olóògbé, ni wọ́n ránṣẹ́ sí kó wá túfọ̀. Àgbàlagbà náà jókòó, ó béèrè nípa ilé ìwé, ó mu omi, kó tó wá rọra sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbà sọ ọ́ nílé wọn, kí ọmọ má baà rí ẹni tí yóò bú. Ayọ̀níkẹ́ ti rí àgbàlagbà tirẹ̀, òyìnbó ni, ó sì ní òǹtẹ̀. Ọgbọ́n ló pe èyí, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ni.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì Notar wà, ní Charlottenburg, ní Berlin. Herr Vogt ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ awò ojú. Frau Kessler ti dé ṣáájú wọn, ó dìde, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ìwé kíkà fi bẹ̀rẹ̀. Bí akọ̀wé ìjọ tó ń ka ìkéde nígbà tí ebi ti ń pa gbogbo èèyàn ni Herr Vogt ṣe ń kà á, kíákíá, láìgbóhùn sókè. Ayọ̀níkẹ́ kò wò ó. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ó ti múra sílẹ̀. Bí Akínwọlé bá dìde fùú, òun á ní kó jókòó. Bó bá pariwo, òun á sọ pé nítorí àwọn obìnrin yẹn ni, pé bí ilé ìfọṣọ bá kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa jogún. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Herr Vogt dé ìpínrọ̀ náà, ó kà á bó ṣe ka ìyókù: kò sí títà, kò sí pínpín, kò sí ogún. Ó wá dánu dúró, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Frau Adéníjì," ó bi í ní èdè Jámánì, "ṣé ẹ bímọ?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n Notar kò mọ ìyẹn. "Ọ̀kan," Ayọ̀níkẹ́ fèsì. "Òun nìyí."

Herr Vogt yíjú sí Akínwọlé. "Ohun tí mo kà yìí, ṣé ó yé yín?"

"Ja," Akínwọlé wí. "Ó yé mi."

Ó parí síbẹ̀. Kò dìde, kò pariwo, kò tilẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Herr Vogt wọ awò rẹ̀ padà, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìdìbò: ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìbò kan ló ní, Ayọ̀níkẹ́ náà kan ló ní. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti sá lọ sọ́dọ̀ Dúnní. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá Ayọ̀níkẹ́ dúró nílé ìwòsàn, Akínwọlé ló di ilé iṣẹ́ mú. Ó dì í mú dáadáa: aṣọ ń jáde lásìkò, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ń dúpẹ́. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ padà dé ni Ràdíátù, olórí yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Akin ti ní kí Dúnní máa lọ sílé torí pé kì í ká aṣọ yára. Ayọ̀níkẹ́ fúnra rẹ̀ ló lọ pè é padà. Òun àti ọmọ rẹ̀ kò mẹ́nu bà á di òní.

Wọ́n gbé bírò fún un, ó fọwọ́ sí i. Frau Kessler ní kí wọ́n lọ máa wo ẹ̀rọ tuntun. Ara Ayọ̀níkẹ́ fúyẹ́ lọ́nà tí kò retí, ó sì gbà pé nítorí ìwé kíkà ti parí ni.

Nígbà tí wọ́n dé Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Berlin, ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ padà ti pẹ́. Akínwọlé ra tíì àti búrẹ́dì fún un, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Akin," ó ní, "ohun tí ọkùnrin yẹn kà..."

"Mo ti mọ̀, Mummy."

"Láti ìgbà wo?"

"Email ilé iṣẹ́ ni Frau Kessler fi Vertrag, ìwé àdéhùn yẹn, ránṣẹ́ sí. Ta lẹ rò pé ó ń ka email?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Ayọ̀níkẹ́ ì bá rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ ti ní email, kò ṣí i rí. Gbogbo àkókò tó fi ń pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ yìí kan náà ló ń ṣí i, tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, tó ń kó o sínú fáìlì.

"Kí ló wá dé tí o ò sọ nǹkan kan?"

"Mò ń wait fún yín ni. Mo ní ẹ máa sọ ọ́ nílé, ẹ ò sọ ọ́. Mo ní ẹ máa sọ ọ́ nínú train. Laptop tí mo ṣí yẹn, mi ò fi ṣe nǹkan kan, Mummy. Mò ń dúró dè yín ni." Akínwọlé ń wo ojú irin tó ṣófo. "Ẹ wá jẹ́ kí Notar sọ ọ́ fún mi. Níwájú Frau Kessler."

Ojú ti Ayọ̀níkẹ́ débi pé kò mọ ibi tó máa gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó ti ro gbogbo ọ̀nà tí ìbínú ọmọ rẹ̀ lè gbà yọ, kò ro èyí mọ́ ọn.

"Ilé ìfọṣọ yẹn," ó ní, "ṣé o tiẹ̀ fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"O ò sọ fún mi rí."

"Ẹ ò bi mí rí. Ẹ kàn máa ń sọ pé tèmi ni."

Ó dùn ún wọnú egungun. "Má bínú," ó ní, ọ̀rọ̀ tí kì í sábà sọ fún ọmọ. Akínwọlé mi orí, ó ní alles gut, pé kò sí wàhálà, bó ṣe máa ń sọ láti kékeré nígbà tí nǹkan kò bá dára. Wọ́n kéde pé ọkọ̀ máa tún pẹ́ sí i. Àwọn méjèèjì mu tíì wọn.

"Àmọ́ wọ́n lè yàn mí," Akínwọlé wí nígbà tó yá. "Vertrag yẹn ò ní kí wọ́n má yàn mí."

"Wọ́n lè yàn ọ́."

"Wọ́n sì lè má yàn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Akínwọlé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ní ìbò kan. Ta lẹ máa dìbò fún?"

Àwàdà ni. Ìyá èyíkéyìí ì bá ti dáhùn kí ìbéèrè náà tó délẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ wá èsì yẹn lẹ́nu ara rẹ̀, kò rí i. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ìgbà náà ló yé e pé kì í ṣe àpò owó Berlin ló gba ilé ìfọṣọ lọ́wọ́ Akínwọlé. Òun fúnra òun ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, ẹni tí yóò bá òun sọ ọ́ ni òun ń wá kiri.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Akínwọlé. "Ẹ fi sílẹ̀, Mummy. Ẹ má dá mi lóhùn."

Ó ti la ọ̀nà fún un, ó kù kó gbà á lọ.

"Tó bá jẹ́ òní ni," Ayọ̀níkẹ́ wí, "Ràdíátù ni."

Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Nítorí Dúnní."

"Nítorí Dúnní."

Ọkọ̀ wọlé. Akínwọlé bá a gbé báàgì rẹ̀ sókè, ó jókòó, ó kọjú sí fèrèsé. Wọ́n kọjá Spandau, ilé tán, pápá bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀níkẹ́ rò pé kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi dé Altona ní Hamburg, ó sì ń múra láti gbà á bẹ́ẹ̀.

"Mummy."

"Ẹn?"

"Kí ló ṣe ọwọ́ Dúnní gan-an?"

Ayọ̀níkẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìtàn gígùn ni, òun àti Ràdíátù nìkan ni Dúnní sì sọ ọ́ fún. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó tún rò ó wò.

"Òun ni kí o bi," ó ní.