Ìka Márùn-ún Adégòkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onífura. Ẹni tó bá bá Olúgbóyèga, àbúrò ọkọ mi, gbé ọgbà kan ní Rantya, ní Jos níbí, á mọ ìdí tí wọ́n fi ní ìfura loògùn àgbà.

Ọ̀rọ̀ igi ló dá a sílẹ̀. Adégòkè, ọkọ mi, ló mú èso rẹ̀ bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tó lọ kí Dára, ọmọ wa. Ó ní etí òkun kan ṣoṣo ni páìnì yẹn ń hù sí, kò sì pọ̀ láyé mọ́. Ó gbin kóró rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ẹyọ kan péré ló hù. Mo ní, "Baba Dára, igi etí òkun, lórí òkè Jos?" Ó ní òtútù ibí á tù ú lára. Nígbà ọyẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ín, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Adégòkè ti lọ, igi náà sì ti ga ju òrùlé wa lọ.

Olúgbóyèga fẹ́ gé e, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. "Ìyàwó, páìnì tó wà níbi gbogbo nìyí. Igi Kérésìmesì lásán." Ìyàwó! Èmi tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ọ́n! Ẹbí wá fẹnu kò sí i: bó bá jẹ́ igi tí Adégòkè sọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òun, àáké á dé ní Sátidé.

Bí mo bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, Olúgbóyèga á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n mi na wáká sí kó tó kú, igi rẹ̀ lẹ tún ń jà fún?"

Òótọ́ ni. Rọpárọsẹ̀ ti gba ẹnu lọ́wọ́ Adégòkè. Lọ́jọ́ tó máa kú, mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé yàrá rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ya ìka márùn-ún, ó tún yà á. Ta ni kò mọ̀ ní Jos níbí pé wáká nìyẹn, pé ẹni tó ya ìka márùn-ún sí ọ lójú ti bú ìyá ẹ? Kí ni mo ṣe fún un? Mo fura pé Olúgbóyèga ló rojọ́ mi sí i létí. Ó dùn mí ju ikú náà lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Olúgbóyèga rán ọmọbìnrin kan wá. Keziah ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Kabong ní Jos níbí, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ igi ní yunifásítì. Ẹni tí Olúgbóyèga rán, ṣé ẹni ire ni? "Ina kwana, Mama," ló kí mi, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní kí n wá ká ewé igi yín."

Ká kẹ̀? Mo ti mọ̀! Wọ́n fẹ́ ká a tán kó lè gbẹ kí Sátidé tó dé. Mo fa ìgbálẹ̀ yọ. "Ewé baba ta lo fẹ́ ká? Jáde!"

"Mama, mo kàn fẹ́ ká a ni! Mi ò ní já a!"

"Báwo lo ṣe fẹ́ ká a láì já a? Àjẹ́ ni ọ́?"

Ó bú sí Hausa. "Haba, Mama! Ƙirgawa! Ƙirgawa zan yi!"

Ìgbálẹ̀ dúró lókè. Èmi tí mo ti ń fi Hausa ta aṣọ ní Tina Junction láti ìgbà èwe mi! Ṣe ló fẹ́ kà á, ahọ́n rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè. Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò jẹ́ kó hàn. "Ó dáa, kà á níwájú mi."

Ó ní ewé páìnì, tó rí bí abẹ́rẹ́ yẹn, ìdì ìdì ló ń hù. Èyí tí wọ́n gbìn káàkiri àdúgbò wa, mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú ìdì kan. Mo lọ dúró níta lẹ́bàá fèrèsé yàrá Adégòkè, mò ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ka ìdì kan, ó ka òmíràn lórí ẹ̀ka kejì. Lójijì, ó yíjú sí mi, ó ya ọwọ́ sókè, ìka márùn-ún.

"Mama!"

Ọwọ́ yẹn náà nìyẹn. Mo wo fèrèsé, mo wo igi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn mi ni igi yìí wà lọ́jọ́ náà.

"Yéè! Adégòkè!" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bú mi. Kò bú mi rárá! Igi rẹ̀ ló ń nà án sí, àmì rẹ̀ ló ń fi lé mi lọ́wọ́: ewé márùn-ún nínú ìdì kan. Mo sunkún bí ọmọdé, Keziah ń ní, "Sannu, Mama," kò mọ ohun tó ṣe fún mi. Nígbà tí mo gbé èso gbígbẹ tí Adégòkè mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà fún un, tó rí i bó ṣe tóbi tó, ó ní òun ni, kò sí àníàní.

Olúgbóyèga kò gbà. Ní Sátidé, ó mú aláàáké dé, ó ní mo ti fi oúnjẹ yí ọmọbìnrin náà lọ́kàn padà.

"Ọkọ mi," mo ní, "ẹ kà á fúnra yín."

Ó di ìdì kan mú. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." Aláàáké ń wò ó.

Mo ya ìka mi, gbogbo rẹ̀, sí i lójú.

"Márùn-ún ni, ọkọ mi. Bó bá sì wù yín, ẹ pè é ní wáká."