Ọjọ́ Ire fún Ilé Orí Òkè

Ilé tuntun kan wà ní orí òkè, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí tí wọ́n sì ń tà. Irin ni wọ́n fi so òpó mọ́ òpó nínú ògiri rẹ̀, wọ́n sì ní ìmìtìtì ilẹ̀ tí ó le jù lọ kò lè dà á wó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ ìyá mi pé kí a fi ilé àtijọ́ wa sílẹ̀, nítorí pé táìlì amọ̀ tí ó wúwo ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, òpó àárín rẹ̀ sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ará Kochi, ìlú wa ní Japan, ni ó mọ̀ pé ìmìtìtì ńlá ń bọ̀. Ìyá mi náà mọ̀. "Kí ó máa bọ̀," ni ó máa ń wí.

Ní ọjọ́ tí ó gbà láti wá wo ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara, ẹni tí ń bá onílé tà á, fi ìkúùkù lu ògiri.

"Màmá, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀. Ilé yìí kì í wó."

"Ṣé ìwọ àti ilẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. Ìyá mi wọ yàrá kékeré tí wọ́n tẹ́ ẹní sí, ó jókòó, ó sì wo yíká. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí igun kan.

"Pẹpẹ bàbá rẹ yóò gba ibí yìí, Misuzu. Yóò máa rí odò láti ojú fèrèsé. Jẹ́ ká rà á."

Bàbá mi ti kú; iwájú fọ́tò rẹ̀ lórí pẹpẹ kékeré ilé wa ni ìyá mi ti máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara gbé ìwé kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ èdìdì sí i ni yóò ni ilé. Èdìdì mi, òǹtẹ̀ orúkọ tí a fi ń fọwọ́ sí ìwé ní ilẹ̀ wa, wà nínú báàgì mi. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti fa kàlẹ́ńdà kékeré rẹ̀ yọ, èyí tí ó fi àmì sí ọjọ́ ire àti ọjọ́ burúkú.

"Lónìí kẹ̀? Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣègbéyàwó! Ọ̀tunla ni ọjọ́ ire."

"Màmá, kàlẹ́ńdà lásán ni," ni mo wí.

"Kàlẹ́ńdà lásán yìí náà ni èmi àti bàbá rẹ fi mú ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, ìwọ nìkan ni yóò máa gbé ibẹ̀."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Bí mo bá tẹ èdìdì náà, n óò ní ilé, ìyá mi kò sì ní í wà nínú rẹ̀. Mo pa báàgì mi dé, mo sì bẹ Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara pé kí ó bá wa fi ilé náà pamọ́ di ọ̀tunla.

"N óò gbìyànjú," ni ó wí, ó sì fa èémí sínú láàárín eyín rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú èémí bẹ́ẹ̀ ní ìlú wa mọ̀ pé kò sí ìdánilójú.

Nígbà tí ọjọ́ ire náà dé, ìyá mi wọ aṣọ kímónò aláwọ̀ eérú tí ó fi ń jáde òde, ó sì gbé àpótí àkàrà dídùn dání. Ọ̀gbẹ́ni Kuwabara ti ń dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà. Ó tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí ojú rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú. Tọkọtaya kan dé ní àná, wọ́n sì tẹ èdìdì."

"Àná? Wọn kò bèèrè irú ọjọ́ tí àná jẹ́?"

"Wọn kò bèèrè, Màmá. Ibi tí wọn óò máa gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n bèèrè."

Síbẹ̀síbẹ̀, ìyá mi fún un ní àkàrà náà. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè, mo sọ fún un pé ilé mìíràn wà, pé a óò tún wá a.

"Misuzu, mo ti dágbére fún ilé wa. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé a ń lọ. Ojú wo ni n óò fi sọ fún un pé a kò lọ mọ́, kí n tún wá sọ pé a ń lọ? Ó tó."

Mo di apá rẹ̀ mú, a sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo ti ń dín ẹja, ilẹ̀ mì. Kò le púpọ̀. Àwọn táìlì kàn ń lu ara wọn lókè orí wa ni, àwọn àwo sì ń dún. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì di fọ́tò bàbá mi mú lórí pẹpẹ. Èmi pa iná, mo sì sáré lọ gbá òpó àárín mọ́ra, bí ẹni pé apá mi lè gbé òrùlé dúró.

Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, ìyá mi dá fọ́tò náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì wò mí.

"Fi òpó yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹja ń tutù."

Mo gbọ́ ohun tí ó wí. Apá mi ni kò tíì gbà láti tú.