Ohun tí Obìnrin Náà Sọ Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 1966, Penitoa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ sinimá ní Apia, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún méje: àwọn òyìnbó inú sinimá á máa sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun á máa fi èdè Samoa gbé e fún èrò tó jókòó sórí ẹní. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sáré jù, á fi àwàdà dí i. Àwàdà ọ̀hún gan-an ni èrò ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Mataio wà níwájú. Mataio ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, ọdún mẹ́rin gbáko, nígbà tí Penitoa ń ti oko àgbọn fẹsẹ̀ lásán rin máìlì márùn-ún, tí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó bó ń kán sí ìwé. Ojú bàbá náà ti fọ́ báyìí. Kóòtù ń wá ògbufọ̀, ẹni tí Mataio bá sì kọ lẹ́tà fún ni wọ́n máa gbà; Penitoa sì ń fẹ́ iṣẹ́ náà. Mataio ti yá a ní ìwé ìtàn tí wọ́n fi ṣe sinimá náà. Ojú ìwé kejìlá ni oorun ti gbé Penitoa lọ, kò sì ṣí i mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé o ti kà á?" ni bàbá ti bi í lẹ́nu ọ̀nà kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti kà á tán, Bàbá. Ẹ̀rù bà mí gan-an."

Ọkùnrin kan ló kú sínú òkun nínú sinimá náà, tó ń padà wá kan ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo èrò pa lọ́lọ́. Obìnrin náà fẹnu ti ilẹ̀kùn, ó sọ gbólóhùn kan jẹ́jẹ́. Penitoa kò gbọ́ ọ.

"Ó ní, 'O ti pẹ́ jù! Mo ti jẹ kókò tán!'"

Ẹ̀rín sọ. Mataio nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọlọ́pàá wá mú obìnrin náà.

"Kí ló ṣe?" ni ìyá kan pariwo. "Penitoa, kí lobìnrin yìí ṣe?"

"Wọ́n ṣì í mú ni."

"Irọ́ ńlá! Ẹni tó ń na ọwọ́ fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúnra rẹ̀? Ìwọ lo jẹ kókò yẹn, ó ti há ẹ lọ́fun!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n ń fi rín.

Níta, lábẹ́ igi bẹrẹfúùtù, Penitoa di apá bàbá mú.

"Ojú mi ni kò ríran mọ́," ni Mataio wí. "Etí mi ṣì ń gbọ́. Ó ní, 'Èmi ni mo pa ọ́. Wọlé.' Ojú ìwé igba ó lé méjì ló wà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù ńkọ́? Ṣé wàá ní kókò ló jẹ ni?"

Ì bá sàn kó pariwo mọ́ ọn. Bàbá nawọ́. "Ìwé mi dà?"

Penitoa yọ ọ́ lábẹ́ abíyá. Ìka bàbá wá ewé gbígbẹ tí Penitoa fi sàmì síbi tó kà dé, ó bá a. Ó fi àtàǹpàkò wọn àwọn ojú ìwé tó ṣáájú ewé náà, bí wọ́n ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ó yọ apá rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Mataio kò kọ lẹ́tà. Ẹlòmíràn ni kóòtù gbà. Títí bàbá fi kú, kò tún pe Penitoa ní ọmọ mi mọ́.