Tùràrí Alhaja Fàósátù

Ọdún mọ́kànlélógún ni Alhaja Fàósátù ti ń ta tùràrí lọ́jà Kaduna. Bí ó bá ń kọjá lójú ọ̀nà, ẹni tó wà ní yàrá á ti fi òórùn mọ̀ pé òun ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í sì í gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu ẹni tí kò bá jù ú lọ.

Lọ́dún 1994, Faridah, ìyàwó Yínúsà ọmọ rẹ̀, bí Mahmud lóṣù méje. Ọmọ náà kò ju ẹyẹlé lọ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì tíì gbó. Oṣù mẹ́ta ló lò nínú àpótí dígí lọ́sibítù, nígbà tí wọ́n sì gbé e délé ní Ungwan Shanu, àyà rẹ̀ ṣì ń súfèé.

Ó fẹ́ràn ìyá àgbà rẹ̀ lọ́nà tó pọ̀. Bí Alhaja bá gbé e, á ti imú bọ ọrùn rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Kò ní pẹ́ tí ètè rẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á tún sáré gbé e lọ sọ́sibítù. Nígbà àkọ́kọ́, Alhaja ní ọyẹ́ ni. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lásìkò òjò, ó ní òjò ni.

Nígbà kẹta, dókítà Hausa kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún wo ọmọ tán, ó wá gbóòórùn híjáàbù Alhaja.

"Hajiya, hayaki ne," ó ní. Èéfín ni.

"Ṣé tùràrí mi ló ń pè ní èéfín?" Alhaja bi Faridah. "Ọmọ méje ni mo fi tọ́!"

Faridah kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ẹ bá ṣì ń tà á, ẹ má gbé Mahmud mọ́."

"Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́," Alhaja dáhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi yọjú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó dé. Aṣọ tuntun ló wọ̀, ó ti fá irun orí rẹ̀ kodoro kí òórùn tùràrí má bàa kù lára rẹ̀. Ó ti kó gbogbo tùràrí fún ẹni tí wọ́n jọ ń pàtẹ, iyọ̀ ló ń tà báyìí.

"Iyọ̀ kì í rùn," ó ní. "Ìyàwó mi, gbé e wá."

Mahmud ti imú bọ ọrùn rẹ̀. Ó tún ti imú bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì nawọ́ sí ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó dun Alhaja dé egungun. Ohùn nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló lò.

"Àkànjí," ó fi oríkì tó máa ń kì í láti ẹ̀yìn àpótí dígí ọsibítù pè é. "Àkànjí, ọkọ mi."

Ọmọ náà yíjú padà sí i, ó ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sùn lọ. Alhaja dẹ etí sí àyà rẹ̀. Kò súfèé.

Wọ́n kírun àsárì tán, Alhaja kò dìde, ọmọ ṣì ń sùn léjìká rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú fún ìjókòó. Yínúsà ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ní, "Màmá, ẹ ò padà sọ́jà ni?"

"Iyọ̀ kì í bàjẹ́," Alhaja ní. "Ti ilẹ̀kùn."