Fèrèsé Kẹrin

Fadérera ń fi sísọ́ọ̀sì gé ìwé ìkéde ìsìnkú ìyá rẹ̀, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà kí ó lè di ojú-ìwé lórí ayélujára. Kò sí àwòrán ìyá rẹ̀ mìíràn láyé. Nínú èyí tó wà lára ìwé náà, Fadérera ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó sórí àga lápá òsì, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lápá ọ̀tún.

Ilé tó wà ní búráúsà mẹ́rin, ohun tí a fi ń wo ayélujára, fèrèsé onígi sì ni gbogbo wọn. Ojú-ìwé náà gbọ́dọ̀ hàn dáadáa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí fèrèsé kan, tàdáwà díẹ̀ á kúrò lára ìwé, kò sì ní padà mọ́. Bàbá Láoyè, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tẹ ìwé náà, dúró níta, ó ń yọjú wò ó. Òun náà ti kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló bá wá, kò sẹ́ni tó bi í.

"Àkọ́kọ́ dáa," ó ní. "Ìkejì dáa. Nínú ẹ̀kẹta, gèlè ẹ̀gbọ́n mi wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì dá a mọ̀."

Ojú ìyá ti ń ṣá lára ìwé. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí ó parẹ́.

Fèrèsé kẹrin kò fẹ̀ ju fóònù lọ, àga méjì kò lè gba ibẹ̀. Fadérera pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ọ̀kan gun èkejì. Apá òsì ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kà, ni ọmọ ọdún mẹ́ta bá bọ́ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ lé gèlè ìyá rẹ̀.

"Fadérera, èmi lo jókòó lé lórí?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti inú àwòrán.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Kò sáyè ni."

"Nígbà tá a bá ń gba ọ̀nà oko tóóró yẹn, ṣé ẹ̀gbẹ́ mi lo máa ń wà?"

Ìtìjú mú Fadérera. Ó pa àga méjèèjì rẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

Ìyá kò wúwo rárá. Fadérera gbá a lọ́já, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣí fèrèsé kẹrin.

Bàbá Láoyè wò ó títí. "Mo rí ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Fadérera yí ẹ̀yìn sí fèrèsé kí ó lè rí i. Bó ṣe jí nìyẹn.

Oòrùn ọ̀sán kún yàrá. Ìwé ìkéde wà lórí tábìlì, ó funfun báláú, àga méjèèjì nìkan ló kù nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ṣófo. Ọ̀já ṣì wà láyà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbóná. Kò tú u.